Ọjọ́ tí Ìṣó Fi Bàtà Sílẹ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin yìí ti ń tún bàtà ṣe. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, aránbàtà ńkọ́?" Á ní, "Òun lẹ ń wò yìí." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á fi bàtà wọn pa mọ́ sẹ́yìn bí ẹni pé ó fẹ́ jí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá padà wá gba bàtà ọ̀hún ni ẹnu wọn máa ń wọhò.

Yàrá méjì ló ní. Ti iwájú ni ṣọ́ọ̀bù: káńtà kan, bẹ́ǹṣì kan, ẹ̀rọ kan tó ń rán awọ, àti pẹpẹ onípele mẹ́rin tí bàtà tó ti parí máa ń wà. Ti ẹ̀yìn ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Kọ́tìnì ló là wọ́n láàárín. Òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ti wọ inú ìrọ̀rí wọn, àwọn fúnra wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́.

Bàbá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá kú, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó sì dákẹ́. Kì í ṣe pé ó yadi. Tí wọ́n bá bi í bóyá á mu omi, á mi orí. Tí wọ́n bá bi í bóyá ara le, á mi orí. Oṣù méje gbáko.

Ẹ̀gbọ́n aránbàtà, ọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, ń gbé ní òdìkejì ìlú. Ohùn ẹ̀gbọ́n yìí ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń sọ pé òun á mú Bàbá lọ sílé òun.

"Kí ni Bàbá ń ṣe níbí? Gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń fà símú láti àárọ̀ dalẹ́."

Aránbàtà ò gbà. Ó mọ̀ pé ariwo òòlù ni Bàbá fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí wọ́n bá gbé e kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, ìyókù tó kù lára rẹ̀ náà á kú.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì wá gba sálúbàtà rẹ̀. Ó gbé páálí kan dání. Ọmọ ajá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n. Ó gbé páálí náà sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé kó lè wọ sálúbàtà wò. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú páálí.

"Fún mi ní ọ̀kan."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ aránbàtà.

"Bàbá, kí lẹ wí?"

"Mo ní kó fún mi ní ọ̀kan. Àbí o ti di adití?"

Bí ọmọ ajá náà ṣe dé nìyẹn. Dúdú ni, àfi ẹsẹ̀ iwájú kan tó funfun, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ kan tó gbàgbé èkejì. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti gé Bàbá jẹ ní àtàǹpàkò. Bàbá wo ọwọ́, ó wo ajá. "Ìṣó ni eléyìí," ló wí. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí, nítorí eyín rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kan gìgísẹ̀ bàtà.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń bá Ìṣó wí, ó ń pè é ní olè, ó ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Inú aránbàtà dùn títí ó fi wo ilẹ̀.

Ìṣó jẹ etí kọ́tìnì. Ó jẹ ìgbálẹ̀ títí ó fi ku ìdí. Ó jẹ ẹsẹ̀ àga, ó jẹ okùn bàtà, ó jẹ búrọ́ọ̀ṣì, irun búrọ́ọ̀ṣì wá dúró sí i lẹ́nu bí irùngbọ̀n. Tí ènìyàn bá ń lọ, á so mọ́ ọn ní kókósẹ̀. Tí ènìyàn bá na ọwọ́ sí i, eyín ló máa kọ́kọ́ pàdé.

Aránbàtà wá ṣe ohun kan tó rò pé ọgbọ́n ni. Tó bá ti ń gé awọ, á ju àjákù rẹ̀ sí ajá, kó lè ráyè ṣiṣẹ́. Ó ní tó bá ti ní awọ tirẹ̀, kò ní wo ti àwọn oníbàárà. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe irú àṣìṣe yìí àfi ẹni tí awọ kún ilé rẹ̀. Ojú ló fi mọ èyí tó jẹ́ àjákù àti èyí tó jẹ́ bàtà. Imú ni ajá ń lò ní tirẹ̀, òórùn kan náà ló sì ń gbọ́. Ohun tó kọ́ ọ ni pé oúnjẹ ni awọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì kan wá gba bàtà pupa rẹ̀. Gìgísẹ̀ òsì ò sí níbẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì gbé bàtà náà sókè, ó yí i po.

"Ìyá aránbàtà, mo ní kẹ́ ẹ bá mi tún gìgísẹ̀ ṣe. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi yọ ọ́."

"Ẹ má bínú, mà. Ajá ni."

"Ajá ló ń tún bàtà ṣe níbí báyìí?"

Aránbàtà fi odindi ọ̀sán kan ṣe gìgísẹ̀ tuntun sí méjèèjì. Ó ṣe é dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú tì í.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ó rí pílásítà mẹ́ta lọ́wọ́ Bàbá. Kó tó béèrè, Ìṣó fò mọ́ Bàbá, eyín rẹ̀ sì ya ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Awọ ọwọ́ àgbàlagbà ò lágbára, bí ìwé ló rí. Ẹ̀jẹ̀ ń sàn, Bàbá ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Bíríkìlà dìde dúró. "Ó parí. Ajá yìí ń lọ."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọdé ni. Á kọ́ ọ."

"Ta ló máa kọ́ ọ? Ìwọ tí o ń bá a sá kiri? Ó dáa, mo fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tí mo bá dé ní ọjọ́ Àìkú yẹn, tí mo rí ojú eyín kan lára Bàbá, tàbí bàtà kan tó jẹ, ajá á bá mi lọ. Bàbá náà á sì bá mi lọ."

"Ajá lẹ ń bá jà ni, Bọ̀ọ̀dá, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì!"

 Bàbá yí ojú sí fèrèsé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní oṣù méje ọ̀hún. Aránbàtà rí i. 

Gbogbo àdúgbò ló ní ìmọ̀ràn. Ẹni tó ń ta àgbo omi tútù ní ìkòríta ní kó fi sílípáàsì nà án. Ó fi sílípáàsì nà án lẹ́ẹ̀kan. Ìṣó gba sílípáàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ, ó sì jẹ ẹ́ tán. Káfíńtà tó wà lódìkejì títì ní kó máa pariwo mọ́ ọn. Ó pariwo. "Má jẹ ẹ́! Ìṣó, má jẹ ẹ́!" Láti àárọ̀ dalẹ́, "Má jẹ ẹ́!" Ó di pé káfíńtà gan-an ń fi pe é tó bá ń kọjá: "Ìyá Má-jẹ-ẹ́, ẹ káàárọ̀ o!"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé Ìṣó lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún abẹ́rẹ́. Dókítà wo eyín rẹ̀.

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ni nígbà tẹ́ ẹ gbà á?"

"Márùn-ún."

"Ó yá jù. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ti kọ́ ọ. Tó bá gé ọ̀kan jẹ jù, ìyẹn á ké, á sì kẹ̀yìn sí i. Eré ti parí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń mọ bí eyín àwọn ṣe mú tó nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ wá di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí. Ẹ kẹ̀yìn sí i."

Ó gbé ajá padà sílé, ọ̀rọ̀ náà ń yí lórí rẹ̀. Kẹ̀yìn sí i. Ibo ló ti mọ ìyẹn rí?

Ó rántí. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tí ojú òwú tó rán bá wọ́, Bàbá kì í nà án. Kì í bú u. Á gbé bàtà náà sílẹ̀, á yí àga po, á kọ ojú sí ògiri. Á wà bẹ́ẹ̀ títí aránbàtà fi máa tú u, tó máa tún un rán. Ó sàn kó gbá a létí. Ẹ̀yìn Bàbá yẹn dùn ún ju ìgbátí lọ.

Nígbà tó délé, ó sọ fún Bàbá. Bàbá yí ojú kúrò ní fèrèsé.

"Mo rántí. O sunkún lẹ́ẹ̀kan."

"Mi ò sunkún, Bàbá."

"O sunkún. Omi ojú rẹ kán sórí bàtà ọlọ́pàá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí Ìṣó bá ti ki eyín bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ké "Yéè!", wọ́n á kẹ̀yìn sí i. Bàbá á fi ọwọ́ méjèèjì sí abíyá. Aránbàtà á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ, nítorí ó rí i pé tí òun bá dúró, ajá á gba ẹ̀yìn gé òun jẹ ní gìgísẹ̀. Á ka ení, èjì, dé ogún. Lẹ́yìn náà á jáde, eré á tún bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ọjọ́ kìíní, ó tó ìgbà ogójì tó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Oníbàárà kan tó wà lórí bẹ́ǹṣì bi í pé ṣé inú ń run ún ni. Ọjọ́ kejì, Ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti kọ́tìnì, á máa sunkún. Ọjọ́ kẹrin, ó ki ọwọ́ Bàbá bọ ẹnu, ó dúró, ó ronú, ó tú u sílẹ̀. Bàbá wo aránbàtà. Ojú rẹ̀ ń dán.

Aránbàtà kó gbogbo àjákù awọ sínú agolo kan, ó dé e pa. Ó ya bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì àtijọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta kí ajá lè rí nǹkan jẹ, nítorí erìgì rẹ̀ ń yún un.

"Mú un wá," ni Bàbá wí. "Èmi ni màá ta kókó rẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó di aṣọ mẹ́ta náà bí irun títí ó fi di okùn, ó ta kókó ńlá sí orí kọ̀ọ̀kan, kókó aránbàtà tí kì í tú. Odindi àárọ̀ ló gbà á. Aránbàtà ò ràn án lọ́wọ́. Láti ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ kìíní tí Bàbá ṣe parí nìyẹn. Wọ́n rẹ okùn náà sínú omi tútù, wọ́n fún Ìṣó, ó sì gbé e lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì bí ẹni gbé ẹ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti yanjú. Ti bàtà ò yanjú. Ó ku ọjọ́ márùn-ún.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, Ìṣó fa bàtà ọmọléèwé kan bọ́ láti orí pẹpẹ ìsàlẹ̀.

"Má jẹ ẹ́!" ni aránbàtà ké. Ajá ju ìrù, ó tẹ eyín mọ́ ọn sí i. "Mo ní má jẹ ẹ́!" Ìrù ń yí bí fáànù.

Ẹ̀rín bú láti orí àga. Bàbá ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, Bàbá? Ẹ ò rí i pé ọjọ́ ń lọ?"

"O ń sọ fún un pé kó jẹ ẹ́."

"Mo ní kó má jẹ ẹ́ ni!"

"Tí o bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kí lo máa ń wí?"

Aránbàtà wo abọ́ ajá.  Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, tó bá gbé abọ́ sílẹ̀ ní igun yàrá, ohun kan náà ló ń wí: Ó yá, Ìṣó, jẹ ẹ́!

"Ajá ò mọ 'má'," ni Bàbá wí. "'Jẹ ẹ́' ló ń gbọ́. O ti ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹ bàtà àwọn ènìyàn láti ọjọ́ yìí. Ọmọ gidi ni. Ó ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu."

Aránbàtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Wọ́n pín ọ̀rọ̀. "Jẹ ẹ́" di ti abọ́ nìkan. Tí ajá bá gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, "Ó tó" ni wọ́n á wí. Bàbá ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló máa ń wí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá ń da gọ́ọ̀mù jù. Aránbàtà á wí i jẹ́jẹ́, á na okùn sí i. Tí Ìṣó bá tú bàtà sílẹ̀, tó gba okùn, á rí búrẹ́dì bíńtín gbà, á sì gbọ́ "Káre!" Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú un lọ síbi abọ́, wọ́n á ní "Jẹ ẹ́", wọ́n á bu oúnjẹ sí i. Ìgbà mẹ́wàá, ìgbà ogún lóòjọ́.

Ẹnu àwọn oníbàárà ló kù. Aránbàtà gé páálí, ó kọ ọ́ sí i gàdàgbà, ó kàn án mọ́ ògiri: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WÍ "JẸ Ẹ́" NÍBÍ.

Nọ́ọ̀sì bàtà pupa kà á. "Ẹ gbà mí. Ẹ̀yin náà ti ní òfin?"

"Ti ajá ni, mà."

"Bàtà mi tí mo gbé wá lánàá ńkọ́? Ṣé gìgísẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?"

"Méjèèjì, mà. Òun ló sùn tì í."

Nọ́ọ̀sì wo ìsàlẹ̀. Ìṣó nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà náà, okùn rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. 

Ọjọ́ Àìkú pé. Bíríkìlà dé pẹ̀lú bàtà tuntun, awọ gidi, aláwọ̀ ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn láti kékeré. Ó wọlé, ó kí Bàbá, ó gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ṣíjú wò ó bí ẹni ń wo ògiri bóyá ó dúró ṣánṣán. Àpá àtijọ́ nìkan ló rí.

"Hẹn," ló wí. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí Ìṣó. Ìṣó fi ẹnu gbà á, ó dúró, ó tú u sílẹ̀, ó lá sìmẹ́ǹtì tó wà ní èékánná rẹ̀.

"Ìyẹn nìkan kọ́," ni bíríkìlà wí. "Ẹ ṣì ní…"

Kò parí rẹ̀. Ìṣó ti rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dé ibi bàtà tuntun. Ó ki imú bọ ọ̀kan. Ó ya ẹnu.

Bíríkìlà fò dìde. "Má jẹ ẹ́! Ìwọ ajá yìí, má jẹ ẹ́!"

Aránbàtà pa ojú dé. Gbogbo àdúgbò ló ti kìlọ̀ fún, títí kan káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kò sọ fún. Bíríkìlà ò sì ka nǹkan kan lára ògiri rí; mímọ ògiri ló mọ̀.

Ìṣó gbé orí sókè. Ó ti gbọ́ ọ, kedere, lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi bàtà sílẹ̀. Ó sáré gba àárín ẹsẹ̀ bíríkìlà, ó dé igun yàrá, ó jókòó ti abọ́ rẹ̀. Ó wo abọ́, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wá wo bíríkìlà.



"Kí… kí ló ń ṣe?"

"Ìwọ lo pè é wá jẹun," ni Bàbá wí. Ẹ̀rín ti ń mì í léjìká. "Dá a lóhùn. Bu oúnjẹ fún un."

Aránbàtà na abọ́ oúnjẹ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin ńlá bẹ̀rẹ̀, ó da oúnjẹ sí abọ́ ajá. Ó wo àbúrò rẹ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó yá," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Jẹ ẹ́."

Ìṣó jẹ ẹ́.

Bíríkìlà gbé bàtà rẹ̀, ó wá ojú eyín lára rẹ̀ títí, kò rí ọ̀kan. Ni ẹnu rẹ̀ bá tún là. "Ṣé ẹ rí i, mo ti ń sọ ọ́ pé ajá yìí ní làákàyè. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fún un lọ́sẹ̀ méjì. Tí kì í bá ṣe pé mo le mọ́ yín ni, ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa fi í ṣeré, torí èmi ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé…"

"Ó tó," ni Bàbá wí.

Ìṣó gbé ẹnu kúrò nínú abọ́, ó jókòó. Bíríkìlà pa ẹnu dé, òun náà jókòó.

Kò sí ẹni tó tún dárúkọ lílọ. Aránbàtà mú bàtà tuntun náà lọ sídìí bẹ́ǹṣì, nítorí ó ti rí i pé òwú ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ń tú. Ilé iṣẹ́ ló rán an, wọ́n kánjú. Ó fi ìda oyin pa òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Bàbá ní kí bíríkìlà gbé àga òun kúrò ní fèrèsé, kó gbé e sún mọ́ bẹ́ǹṣì. Ìṣó sùn lé bàtà kejì, ó gbé àgbọ̀n lé e lórí, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé.

Bàbá wo abẹ́rẹ́. Ó wo ojú òwú kìíní, ó wo ìkejì.

"Ojú kẹta yẹn wọ́," ló wí. Ó yí àga po, ó kẹ̀yìn sí i.

Aránbàtà wo ẹ̀yìn ọ̀hún. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé òwú náà, ó tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń súfèé.